Èmi Ni Mo Fá Irùngbọ̀n Daddy

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ní Ìkòsí, láyé ìgbà tí ẹni tó bá ní fóònù alágbèéká kì í fi sápò kí gbogbo àdúgbò lè rí i, bàbá mi kì í jáde nílé láìfá irùngbọ̀n. Akọ̀wé ni wọ́n ní Ọjọ́ta. Láràárọ̀, wọ́n á dúró síwájú dígí, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì po ọṣẹ kó hó, wọ́n á mú rẹ́sà onírin wọn, èyí tí wọ́n ń ki abẹ fẹ́lẹ́ sí lórí. Bí wọ́n bá fá a tán, ojú wọn á máa dán bí ojú ọmọ tuntun.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọ lù wọ́n. Apá ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo, Daddy di ẹni à ń gbé jókòó. Ìyá mi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wọn, ń gbé ní ẹ́sítéètì onígéètì kan lápá Ṣángísà, kò jìnnà sí wa rárá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn". Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀ lónìí. Ó wá, ó wò yíká, ó ní, "Ìwọ lo wà nílé, wàá máa tọ́jú Daddy. Yunifásítì ò sá lọ." Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, inú ṣì ń bí mi.

Irùngbọ̀n Daddy wá kún, ó rí játijàti. Mo pe onígbàjámọ̀ àdúgbò. Kílípà tó fi ń fá gbogbo ayé ló gbé wá, ló bá yọ kókó sí wọn lójú yọyọ. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí wọn, Daddy á fi aṣọ ìbora bo ojú. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n nawọ́ òsì sí rẹ́sà, wọ́n sì tọ́ka sí mi.

"Daddy, mi ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n fi ọwọ́ gbá tábìlì.

Mo bu omi gbígbóná, mo po ọṣẹ, mo wá tẹ rẹ́sà mọ́ wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Daddy bú ramúramù, èmi náà ju rẹ́sà sínú omi, mo bú sẹ́kún ìbínú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń múra yunifásítì, èmi ń da ẹ̀jẹ̀ bàbá mi sílẹ̀!

Nígbà tó yá, mo mú rẹ́sà látinú omi, Daddy sì fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n yí i títí rẹ́sà náà fi fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, wọ́n tú ìka mi kí n má dì í le, wọ́n sì bá mi fà á wálẹ̀ síbi tí irun kọjú sí. Ìwúwo irin náà ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi kàn ń tẹ̀ lé e ni.

"Rọ… ra," ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yé mi lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé nìyẹn. Mo fi ọwọ́ kejì na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, mo ń fá a, mo ń ṣan abẹ, títí ojú Daddy fi yọ padà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi wọlé bá mi níbi tí mo ti ń fi ọṣẹ kun irùngbọ̀n wọn. Ó rí ojú ọgbẹ́.

"Ta ló gé Daddy báyìí? Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni?"

"Èmi ni, Bọ̀dá."

"Ọmọbìnrin ń fá irùngbọ̀n bàbá ẹ̀! Ṣé kò sọ́kùnrin nílé yìí ni?"

Mo gbé rẹ́sà lé e lọ́wọ́. "Ọkùnrin ti dé. Ẹ fá a."

Ó wo rẹ́sà. Ó wo ẹnu Daddy tó wọ́, àti itọ́ tó ń kán níbẹ̀. Ó gbé rẹ́sà sórí tábìlì, ó wo aago. "Mo ní mítìn ní Ìkẹjà."

"Mítìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Ìyá mi ké láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ o! Ó yá, bẹ̀ ẹ́!"

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Daddy ló parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbójú kúrò lára àkọ́bí wọn, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè. Mo mú rẹ́sà. Kí n tó dé ọrùn, mo ti gbọ́ tí mọ́tò rẹ̀ ń jáde lọ.

Èmi ni mo ń fá wọn títí wọ́n fi kú. Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Àwa ọmọ ṣìkẹ́ Daddy dọ́jọ́ ikú." Àwa! Ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe tán ní yunifásítì ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin á dá irùngbọ̀n sí títí dé àyà, á máa fi òróró pa á. Owó lè gba nọ́ọ̀sì wá sílé. Ọmọ tó wà lókè òkun lè máa wo ojú bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Kò burú. Ṣùgbọ́n nílé tí àìsàn bá ti da àgbàlagbà dúbúlẹ̀, mo máa ń ṣọ́ ibi tí ojú gbogbo ẹbí ń kọ́kọ́ lọ. Ọmọbìnrin ilé ni wọ́n ṣì ń wò. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ọmọ mi, tọ́jú bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi ẹbí léèrè, kí o sì gbé ohùn sókè: àwọn yòókù ńkọ́?