Ògiri Tí Mo Mọ Sẹ́nu Ọ̀nà Irà

Kọ́kọ́rọ́ náà wúwo. Irin dúdú ni, ó gùn tó ìka mi, mo sì fi okùn rọ̀ ọ́ sọ́rùn bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìṣúra ọba. Bí mo bá ń rìn ládùúgbò wa ní Ìgàndò, yóò máa lu bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, kó, kó, kó. Létí mi nígbà yẹn, ìyìn ni. Bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, ojú ara mi ni ń tì mí.

Bíríkìlà ni mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì, ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà kan ní Akówónjò, níbi tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń fi aṣọ tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ lára kàwé nírọ̀lẹ́. Mo yege. Mo fi gíláàsì bo ìwé ẹ̀rí mi, mo sì gbé e sórí tábìlì kékeré ní pálọ̀. Ìyàwó mi ló máa ń fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún láràárọ̀. Lẹ́yìn tí ó kú, èmi ni mo ń nù ún. Ẹni tó pẹ́ kó tó mọ̀wé a máa fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Mo ń ti ara mi sọ ni.

Lẹ́yìn àdúgbò wa ni irà kan wà. Igi ògùrọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, àti koríko tó ga ju ènìyàn lọ, àti omi tó ń yọ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bá odò, tí odò náà sì ń gbé e lọ sínú ọ̀sà. Òjò tó bá rọ̀ sórí ilé wa, irà yẹn ló ń gbé e mì. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá fi yanrìn dí i, pálọ̀ wa ni omi yóò wá sùn. A ti rí i níbòmíràn. Típà kan á kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà igi ààlà, lẹ́yìn náà ilé, lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn tó ń fi ike gbọ́n omi jáde nínú yàrá. Nítorí náà ni àdúgbò ṣe pe ìpàdé, wọ́n ní kí a yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó irà náà. Fáìlì wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n yàn mí.

Ọlọ́gbọ́n ì bá ti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ ibẹ̀. Ìyá Eléwé mọ̀ ọ́n, ìyá àgbàlagbà tó ń gé ewé tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí ó sì ń rù ú lọ sí ọjà Ìkòtún. Bàbá Onígèrè mọ̀ ọ́n, ọmọ bíbí ibẹ̀ tó ti ń fi ìgèrè mú ẹja níbẹ̀ kí ọ̀dà tó dé ọ̀nà wa. Àwọn Aládùúrà aláṣọ funfun mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ gbàdúrà létí omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò wọ́n, ohun tí mo rí ni ẹni tó ń gé ewé irà, ẹni tó ń kó ẹja irà àti ẹni tó ń tan àbẹ́là sínú irà. Mo ní àwọn gan-an ló ń bà á jẹ́. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, n kò sì tíì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó mi ló máa ń tẹ̀ lé Ìyá Eléwé lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bí ó bá ti dé, màá pariwo mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà pé kó fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Èmi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ o, mo sì kọjú mọ́ làpálàpá tọkàntọkàn.

Lójú bíríkìlà, kò sí ìṣòro tí ògiri kò lè yanjú. Àdúgbò dá bulọ́ọ̀kù jọ, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà tó wọ irà. Ó ga ju orí ènìyàn lọ, mo fi géètì onírin sáàárín, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́rùn, mo kùn ún ní ọ̀dà, mo sì kọ ìkìlọ̀ sí i lára ní Gẹ̀ẹ́sì gbàgàdà. Méjì nínú ọ̀rọ̀ ibẹ̀, inú ìwé atúmọ̀ ni mo ti wá wọn rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Eléwé dé pẹ̀lú agbada irin tó fi ń ru ewé àti ọ̀bẹ.

"Ọkọ ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé mọ́, mà. A fẹ́ dáàbò bo irà náà."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Mo ṣí fáìlì mi, mo tún pa á dé.

"Ó dáa ṣá," ó ní, ó gbé agbada rẹ̀ padà sórí. "Ẹ kú ìdáàbòbò o, Akọ̀wé."

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní ọkọ ọ̀rẹ́ mi mọ́.

Ibẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́, inú mi sì ń dùn. Kò sẹ́ni tó ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń jáde. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀ mọ́ náà nìyẹn. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì máa ń rò pé àdúgbò kejì ló ń kọ́lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó múra dáadáa wá kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò dání nínú ọ̀rá.

"Sà, ṣé ẹ̀yin lẹ mọ fẹ́ǹsì yẹn? Ọlọ́run á bù kún yín o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ilẹ̀ fún mi lẹ́yìn ibẹ̀ ni. Àwọn tó tà á fún mi ní kí n má da ara mi láàmú nítorí fẹ́ǹsì iwájú, pé àdúgbò ti bá mi mọ ọ́. Bulọ́ọ̀kù yẹn mà tò dáadáa, sà!"

Kí n má purọ́, ó kù díẹ̀ kí n dúpẹ́. Kò tíì sí ẹni tó yin ògiri náà báyẹn rí.

Mo sáré lọ ṣí géètì. Apá ẹ̀yìn ni àwọn típà ti ń gbà wọlé. Yanrìn pupa ti ga níbẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, pẹ̀lú àfọ́kù bulọ́ọ̀kù àti pàǹtí, wọ́n sì ti wó igi ògùrọ̀ lulẹ̀. Ògiri mi ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́ àdúgbò lójú. Olè kò lè rí alábàáṣe tó jù mí lọ.

Mo ní kí àdúgbò ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n òjò kò dúró dè é. Ó rọ̀ lọ́jọ́ kẹta láti ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, omi ti gun orókún mi ní pálọ̀. Tábìlì kékeré ti dojú dé, gíláàsì ti fọ́, ìwé ẹ̀rí mi sì ń léfòó lọ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé wá bá mi ni Ìyá Eléwé, ó ti ká ìró rẹ̀ sókè. Kò kí mi. Ó gbé àpótí aṣọ ìyàwó mi, ó rù ú, ó wá bojú wẹ̀yìn.

"Akọ̀wé, ẹ di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn mú jàre. Àbí ẹ ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́ tí ẹ máa fi ti omi mọ́ta ni?"

Nígbà tí omi fà, mo gbé hámà ńlá mi, mo lọ wó ògiri náà. Àdúgbò jáde wá wòran. Bàbá Onígèrè fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ rọra o, Akọ̀wé! Ẹ má fọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Lẹ́yìn náà mo ní mo ti ṣì í ṣe, kí wọ́n forí jì mí, kí wọ́n sì sọ ohun tí a ó ṣe.

"Ẹ jẹ́ ká máa wọ̀ ọ́," Ìyá Eléwé dáhùn. "Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ta ni yóò jí i?"

Wọ́n pín ọjọ́ àti wákàtí láàárín ara wọn: àwọn eléwé láàárọ̀, àwọn aláṣọ funfun lọ́sàn-án, Bàbá Onígèrè nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé ewé kan gbòǹgbò, ẹja tí kò bá tó àtẹ́lẹwọ́, kí á dá a padà sómi. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin tuntun, àṣé wọ́n ti ń pa á mọ́ kí n tó mọ a-bí-dí. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo kà á sí wọn létí, wọ́n sì bá mi tún un ṣe níbi mẹ́rin.

Kò pẹ́ tí típà kan fi dé. Àwọn eléwé to agbada wọn sójú ọ̀nà, wọ́n jókòó tì wọ́n. Àwọn aláṣọ funfun jáde wá láti etí omi, wọ́n dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ń kọrin. Èmi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láìsí fáìlì.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún," awakọ̀ bẹ̀ wọ́n. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Àwa náà wà lẹ́nu iṣẹ́," Ìyá Eléwé ní. "Àbí orí mọ́ínmọ́ín ọ̀la lẹ fẹ́ da yanrìn yẹn sí?"

Awakọ̀ wo agbada, ó wo aṣọ funfun, ó nu ojú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà. Típà mìíràn tún wá lẹ́yìn rẹ̀, ó bá wa níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo ibẹ̀ níkẹyìn, àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti sá lọ.

Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ náà wá ni mo tó tẹ̀ lé Ìyá Eléwé wọ inú irà. Ó fi ibi tí yanrìn dúró sí hàn mí. Níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i, ewé gbòdògì, ewé mọ́ínmọ́ín náà, fẹ̀ lọ salalu.

"Ọ̀rẹ́ mi ló lọ wú wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, ó gbìn wọ́n síbí nítorí orókún tó ń dùn mí," ó ní. "Kò sọ fún yín ni?"

Kò sọ fún mi. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń bá a sọ.

Ọdún ti gorí ọdún. Yanrìn tí wọ́n dà ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ kì í tètè gbàgbé. Òjò ńlá a máa dé àtẹ̀gùn ilé mi nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò wọlé mọ́. Bulọ́ọ̀kù ògiri mi ni àwọn eléwé ń jókòó lé di ewé wọn, wọ́n sì ní ó tẹ́jú dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lára ìṣó ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí tí omi ti pa ààbọ̀ orúkọ mi rẹ́. Ààbọ̀ tó kù tó mi.

Ní Sátidé, èmi náà máa ń mú ọ̀bẹ wọ irà. N kò mọ ewé gé, agbada ni wọ́n ń gbé rù mí. Sátidé tó kọjá, Ìyá Eléwé sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ ọ̀rẹ́ mi. Ẹ máa lọ sinmi." Mo dé ẹnu ọ̀nà mi, ẹrẹ̀ dé orókún. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ mi. Mo bu omi, mo sì fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé.