Ìbọn Tí Mo Fà Lófìfo

Mo rántí ìgbà tí òórùn òróró ìbọn kò kúrò lára aṣọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba díplómù ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ṣí àtẹlíyé, ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ tèmi, sí àdúgbò Akron, ẹnu mi sì ju iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ. Kàràbíìnì, ìbọn kékeré tí àwọn ọdẹ fi ń pa ọ̀yà, ni mò ń tún ṣe, irú èyí tí irin inú rẹ̀ máa ń lu etí ọta kó tó yìn. Gbogbo ẹni tó bá yà ni mò ń wàásù fún pé ti àtijọ́ ló dára, igi gidi, irin gidi. Pé ike lásán ni ti ìsinsìnyí.

Bàbá ọdẹ kan láti àdúgbò Houinmè gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ méjì wá bá mi. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá tó bí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìran méjì ti mú igi ìdí rẹ̀ dán. Ọmọ rẹ̀ ló ra tuntun fún un. Ìwé àṣẹ ìbọn kan ṣoṣo ló sì ní.

“Ọmọ mi, èwo ni kí n mú? Ti bàbá mi ni ọkàn mi fẹ́.”

Inú mi dùn. Ojú àwọn oníbàárà mi ni mo ti gbé ti àtijọ́, mo fà á lófìfo, láìsí ọta nínú rẹ̀, ó dún ká. “Ẹ gbọ́ ohùn irin!” Mo tún fà á, mo tún fà á. Bàbá la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa á dé.

Lọ́jọ́ kejì ló gbé méjèèjì padà wá. Ọta kò wọ inú ti àtijọ́ mọ́. Mo yẹ ihò ọta wò, mo rí i pé irin ti lu etí rẹ̀ wọlé, nígbà tí mò ń fà á láìsí ọta tó máa gba ìlù náà. Ti tuntun, wọ́n ti ṣe é kí irin rẹ̀ má lè kan ibẹ̀. Ike tí mò ń bú gbọ́n jù mí lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú tì mí gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.

“Mo mọ̀,” ni bàbá wí. “Bàbá mi kì í jẹ́ ká fà á lófìfo.”

“Kí ló dé tẹ́ ò dá mi dúró, Bàbá?”

“Àwọn oníbàárà rẹ wà níbẹ̀. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.”

Ó fọwọ́ pa igi náà, ó fi í sílẹ̀ fún mi, ó mú tuntun lọ.

Ara ògiri mi ló wà títí dòní. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ló dára jù, n kì í yára dáhùn mọ́. Ìbọn bàbá rẹ̀ ni bàbá náà fi bo àṣírí mi.