Ẹni Tí Mo Fẹnu Pa ní Bodè Ìlárá

Ìlú kan ni Ìlárá, ṣùgbọ́n bodè gba àárín rẹ̀ kọjá. Apá kan wà ní Nàìjíríà, apá kejì wà ní ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa kò yé pè ní Dahomi. Ilé bàbá mi wà níhìn-ín. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó wò mí dàgbà tí mo sì ń pè ní Màmá, wà lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ń gúnyán lọ́hùn-ún, a máa ń gbọ́ odó wọn níhìn-ín. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì, mo béèrè fún sikọ́láṣíìpù kí n lè lọ sí ìlú òyìnbó lọ kọ́ nípa àrùn tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́, nítorí mo ti rí i bó ṣe jẹ oko Màmá run lójú mi. Àdírẹ́sì Màmá ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Lẹ́tà tọ̀hún kì í pẹ́. Tiwa níhìn-ín, eku a ti jẹ ẹ́ kó tó délé.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò n'Ìbàdàn. Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Èyí tó dàgbà jù gbé fọ́ọ̀mù mi sókè.

"Ìwọ ọmọ Nàìjíríà, kí ni ilé rẹ ń wá ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé?"

"Ilé kan náà ni, sà. Ẹ̀yìnkùlé ló pín in."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máa lọ. Lẹ́tà á bá ọ nílé. Tí oṣù kan bá kọjá lẹ́yìn rẹ̀ tí a ò gbọ́ èsì, a ó fún ẹlòmíràn."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo padà délé ni ìjọba ológun ti bodè pa. Mo dúró, mo dúró. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó gba inú oko wá sọ fún mi pé Màmá kí mi, pé lẹ́tà kan ti dé láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó nípọn, orí obìnrin tó dé adé ló wà lára sítáǹpù rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi mú un wá?"

"Kí sójà ká ìwé òyìnbó mọ́ mi lára? Màmá gan-an ní kí n má dán an wò."

Láti ọjọ́ kejì ni sójà ti ń ṣọ́ ọ̀nà oko náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣí bodè yẹn: òkú. Ẹni tó bá ká ẹní sí abíyá, tó ní òun fẹ́ lọ sin ẹni òun, sójà pàápàá á gbé igi ọ̀nà sókè fún un. Kò sẹ́ni tó ń fi í parọ́. A kì í fi òkú ṣeré ní Ìlárá.

Mo ká ẹní, mo tú gèlè. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi kajú, ìwé ńlá kan wà lórí itan rẹ̀.

"Sísí, níbo?"

"Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí, sà. Ìyá tó wò mí dàgbà ló kú."

Ó ṣí fìlà. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí lorúkọ wọn?"

Mo pe orúkọ Màmá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀gẹ́ ni Màmá ń bó nígbà tí mo wọlé. Ó rí ẹní.

"Yéè! Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bọ́njúù o! Òkú ń kí ọ. Ẹní gbígbó yìí lo fẹ́ fi sin mí? Ahun!"

Ó tú lẹ́tà náà jáde nínú ìborùn. Wọ́n ti gbà mí. Orí àpótí tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo ti kọ èsì, tíṣà kan ládùúgbò sì gbé e lọ sí Kétu, ní apá ọ̀hún náà, lórí alùpùpù láti fi ránṣẹ́. Màmá sìn mí dé ìdí ọsàn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Tí o bá dé bodè, sọ fún ọkùnrin yẹn pé mo jí. Má jẹ́ kí orúkọ mi sùn sínú ìwé wọn."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù náà dìde nígbà tó rí mi. "Sísí, ẹ kú ìdárò. Ṣé ẹ ti sin wọ́n?"

Lẹ́tà mi wà láyà mi, nínú aṣọ. Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á yẹ̀ mí wò, wọ́n á gbà á.

"A ti sin wọ́n, sà. Ẹ ṣé."

Mo ti ń múra ìrìn-àjò nígbà tí a gbọ́ igbe láti ọ̀hún ní ìdájí kan. Màmá ni. Àìsàn ọjọ́ kan péré. Bàbá mi ká ẹní, èmi náà tẹ̀ lé e. Ọ̀gá náà ṣí ìwé rẹ̀, ó béèrè orúkọ, bàbá mi pè é. Ìka rẹ̀ ń gòkè lójú ìwé. Ó dúró. Ó wò mí.

"Bàbá, wọ́n ti sin ìyá yìí. Ọmọ yín yìí ló sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀melòó lènìyàn ń kú?"

Bàbá mi yíjú sí mi. Títí tí òun náà fi kú, kò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀gá náà kò gbé igi ọ̀nà sókè fún wa, ìdí rẹ̀ la dúró sí. Ibi tí a ti máa ń gbọ́ odó wọn, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìró ọkọ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ sàréè rẹ̀.

Mo lọ. Mo kàwé. Mo mọ àrùn ẹ̀gẹ́ ju bí mo ṣe mọ ojú ara mi lọ. Àmọ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣí ìwé níwájú mi, mo ń wo ìka wọn.

Lọ́dún tí wọ́n tún ti bodè pa, tí mo ti darúgbó, mo rìn lọ síbẹ̀. Igi kajú ti wó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tirẹ̀.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"N ò lọ síbì kan. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ìyá kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbí pé ó kú, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ó jí."

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Bóyá ó ní ìyá àgbà nílé. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó mú bírò.

"Ó dáa, Màmá. Kí lorúkọ wọn?"

Mo la ẹnu. Ẹnu tí mo fi pe orúkọ náà lọ́jọ́ tí mo parọ́, kò rí i pè.