Bùsàrí Bọ́ọ́lẹ̀-A-Ò-Jà

Bí ẹ bá rí àbúrò bàbá mi, Bùsàrí, kí ẹ tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ ó rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ má gbà á gbọ́. Ọdún méje ló fi ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀ lórí bọ́lẹ̀kájà tó ń ná ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́, kò sì sí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó já èrò gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ tí kò na ìka sí pé, "Bọ́ọ́lẹ̀ ká jà!" Kò jà rí ṣá. Bí ẹni náà bá bọ́ọ́lẹ̀ lóòótọ́, Bùsàrí á ní dírẹ́bà ń pe òun.

Lọ́dún 1954, ó bọ́ sí iṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, níbi tí èmi náà ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa sọ aláìsàn tí kò lè rìn kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ki èèyàn sínú ọkọ̀ bí iṣu, ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kì í jù wọ́n sílẹ̀ bí iṣu?"

"Ṣàkírátù, ẹnu rẹ yìí, ọkọ wo ni yóò gbà á?"

Ó mọ̀ ọ́n ṣá. Ó ní kí káfíńtà kan ní àdúgbò Arákálẹ̀ kan àpótí onípele méjì fún òun. Bí wọ́n bá gbé e ti ẹ̀yìn ọkọ̀, aláìsàn á máa fi ìdí sọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ kan ní 1956, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínsànyà fi bọ́lẹ̀kájà gbé ìyá rẹ̀ dé láti Oǹdó. Màmá ti ṣubú níbi tó ti ń sá kòkó. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú bí igbá, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Kí a tó mọ̀, Akínsànyà ti di apá mú, èrò ọkọ̀ kan ti di ẹsẹ̀ mú. Màmá figbe ta, ó rọ̀ mọ́ pákó ìjókòó.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Òkú ni wọ́n ń gbé lápá gbé lẹ́sẹ̀. Bí n kò bá ní fúnra mi sọ̀ kalẹ̀, ẹ dá mi padà sí Oǹdó!"

Nọ́ọ̀sì Ọláyẹmí yọjú wo orúnkún náà, ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí Màmá bá padà báyìí, ẹsẹ̀ náà lọ nìyẹn. Dírẹ́bà ń kanra, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

Ni Bùsàrí dé. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ó ní kí dírẹ́bà pa ọkọ̀, ó fi igi há táyà, ó gbé àpótí rẹ̀ ti ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ta ló fi ọ́ ṣe ọ̀gá mi?" dírẹ́bà bi í.

"Mo ti ń fi igi há táyà kí wọ́n tó fi búrẹ́kì hàn ọ́."

Ó gùn wọnú ọkọ̀, ó lóṣòó níwájú Màmá. "Ẹ kú ìrìn, Màmá."

"Ìwọ náà wá gbé mi?"

"Kí n gbé yín kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ó sọ̀. Èmi á kàn dúró níwájú yín bí ògiri."

"Ògiri tó tínrín báyìí?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ́jú sí mi. "Ṣàkírátù, lọ wá ọ̀já wá!"

Mo yá ọ̀já lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ kan, Bùsàrí sì so ó mọ́ Màmá nídìí.

"Ṣé o fẹ́ pọ̀n mí ni?"

"Ibi tí mo máa dì mú ni, Màmá. Bí a bá fa apá, ó lè yẹ̀."

Màmá fi ìdí wọ́ dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sọ̀ sí ìpele kìn-ín-ní, ó sọ̀ sí ìkejì, Akínsànyà ń gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà ró lábẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Àga onítáyà wà lápá òsì, níbi ẹsẹ̀ tó lágbára. Ó ku kó dìde, kó yí, kó jókòó. Ni ó bá rọ̀ mọ́ àpótí.

"N ò lè ṣe é."

Bùsàrí ya ẹsẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó di ọ̀já mú lọ́tùn-ún lósì. "Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, Màmá. Ó di ẹ̀ẹ̀kan! Ó di ẹ̀ẹ̀mejì!" Dípò ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ tó fi ọdún méje sọ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Bọ́ọ́lẹ̀ ká jà!"

Ojú Màmá là.

"Bá ta jà? Ìwọ ọmọ àná yìí?"

Ó sì dìde! Ó dìde kó lè rí ojú aláfojúdi náà dáadáa. Kí ó tó rántí ẹ̀rù, ó ti yí, ó ti jókòó sínú àga.

Bùsàrí ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí, ẹnu ló ṣì."

Ṣùgbọ́n Màmá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó gbé mi! Kò sẹ́ni tó gbé mi o!" Akínsànyà ń jó nínú eruku. Ọjọ́ náà ni mo sọ àbúrò bàbá mi ní Bọ́ọ́lẹ̀-A-Ò-Jà, orúkọ náà kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tán tí wọ́n dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn, Màmá padà wá kí dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ó fi ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí náà, ìpele kan, ìpele kejì, ó dúró gán-án, ó na ọ̀pá sókè.

"Bùsàrí dà? Mo ti bọ́ọ́lẹ̀. Ó yá, ká jà!"

Bọ̀ọ̀dá mi wo ọ̀pá, ó wo Màmá. Ó ní nọ́ọ̀sì ń pe òun.