Ìwé Ìjáde Tí A Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Ní nǹkan bí ọdún 2009, kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ipò bírò nínú ìdánwò yunifásítì wa ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn lè rò pé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Ilé ni kálukú ti ń kàwé, èmi ní Ìbàfò. Ìdánwò nìkan ló ń kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Mowe. Kọ̀ǹpútà kò tó, nítorí náà ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ là ń wọlé. Wàá fọwọ́ sí ìwé bí o bá wọlé, wàá tún fọwọ́ sí i bí o bá ń jáde. Bí ọ̀wọ́ kìíní kò bá tíì fọwọ́ síwèé ìjáde tán, ọ̀wọ́ kejì kò lè wọlé.

Ọ̀wọ́ kìíní ni mo wà. Ìyá ọkọ mi wá láti Ifọ̀, ó gbé ọmọ mi jókòó níta. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà, kò tíì mọ oúnjẹ kankan ju ọmú lọ.

A ò tíì dáhùn ìdajì ìbéèrè tí iná fi lọ. Wọ́n wá epo dísù títí kí jẹnẹrétọ̀ tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wa tàn padà, àkókò wa ti tán. Kọ̀ǹpútà àgbà tó wà lọ́dọ̀ alábòójútó ní bátìrì tirẹ̀. Ó ń ka aago lọ ní gbogbo ìgbà tí tiwa fi kú.

"Ẹ fọwọ́ síwèé, kí ẹ máa lọ," ni alábòójútó wí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fèsì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá àkókò wa padà fún wa."

"Kọ̀ǹpútà ló ń ka aago, màdáámù. Èmi kọ́."

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà ló yẹ kó ra dísù ni, sà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí wọn, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí nǹkan kan. Gbogbo wa jókòó.

Ọ̀wọ́ kejì ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jáde fún wa jàre. Ṣé ilé bàbá yín nìyẹn ni?"

Bọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì láti Àgbàdo tó jókòó tì mí, dá wọn lóhùn: "Ẹ ṣe sùúrù. Iná tiyín náà á lọ tó bá yá."

Ìgbà náà ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wàrà ti rin aṣọ mọ́ mi láyà. Mo bẹ alábòójútó pé kí n lọ fún un lọ́mú, kí n padà wá.

"Ẹni tó bá jáde ti parí nìyẹn. Fọwọ́ sí i."

"Ìyá Ìbùkún, rọ́jú díẹ̀ sí i," ni Bọ̀dá Múfú sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo rọ́jú. Nígbà tí ohùn ọmọ náà há, mo dìde, mo fọwọ́ sí i. N kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́ta tẹ̀lé mi jáde.

Àwọn tó kù jókòó títí alábòójútó fi kọ iye ìṣẹ́jú tó ṣòfò sílẹ̀, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè wọ́n padà wá tún ìdánwò ṣe. Orúkọ àwa mẹ́rin kò sí níbẹ̀. Mo fìdí rẹmi.

Láti ìgbà yẹn, bí iná bá lọ, wọ́n máa ń dá aago dúró. Ìyẹn la rí gbà. Nínú àwọn mẹ́ta tó tẹ̀lé mi, mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ méjì. Ẹ̀kẹta kò wá ṣe ìdánwò mọ́. N kò ní parọ́ fún yín pé mo kábàámọ̀ ọmú tí mo fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n títí di òní, abiyamọ tó bá jáde fún ọmọ lọ́mú kò lè padà wọlé. Àwa tí a jókòó lọ́jọ́ náà kò rántí bèèrè fún ìyẹn, èmi pàápàá kò rántí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún kọ̀ láti dìde, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà níta.