Fọ́tò Àyà Bàbá Mi Tí Mo Gé

Ní gbogbo Ọ̀wọ̀, kò sẹ́ni tó mọ fọ́tò ẹ́síréè lò tó mi. Mo lè gé e, mo lè fi kun igba àga kí oòrùn tó le. Kíkà nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n kà, bẹ́ẹ̀ torí kíkà yẹn ni wọ́n ṣe ń yà á.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo lò ní pọ́ọ̀lì wa níbí. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní èmi ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ilé ìwé ti fi mí sílẹ̀ ṣáájú, èmi ni mo pẹ́ kí n tó gbọ́. Láti ibẹ̀ mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kọ pátákó. Mi ò parí ìyẹn náà. Ohun tí mo mú bọ̀ níbẹ̀ ni sítẹ́ńsù: èèyàn á gé lẹ́tà sínú ike, á gbé e lé ara àga tàbí ògiri, á fi ọ̀dà kun ún, lẹ́tà á jáde. Ike tó dáa jù fún un ni fọ́tò ẹ́síréè àtijọ́. Ó le, kì í ya, ọ̀dà kì í jẹ ẹ́. Gbogbo akọ̀wé pátákó ló mọ̀. Egungun ọ̀pọ̀ èèyàn wà nígboro báyìí lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn tó ni ín ò mọ̀.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo rí iṣẹ́ kan gbà ní Ìpele, iṣẹ́ gidi tí mo kọ́kọ́ rí. Obìnrin kan tó ń yá àwọn èèyàn ní àga fẹ́ kí n kọ DÁ MI PADÀ sẹ́yìn gbogbo àga ẹ̀. Mi ò ní ike. Bàbá mi ní fọ́tò àyà ẹ̀ kan nínú àpótí ìwé, ó ti pẹ́ níbẹ̀, láti ìgbà tí mo wà ní JSS3 tí ikọ́ kan dà á láàmú. Mo yọ ọ́ nínú àpòòwé ẹ̀. Kí àpòòwé má baà fúyẹ́, mo gé páálí bísíkíìtì tó bá a mu, mo tì í sínú ẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bébà kan ò sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Ìwé ìrìbọmi ẹ̀ wà níbẹ̀, rìsíìtì rédíò tó ti bàjẹ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ikọ́ tún dé, kì í ṣe púpọ̀, àmọ́ kò lọ. Màámi wà ní Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí náà èmi ni mo sìn ín lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya àyà ẹ̀, wọ́n ní ká dúró. Lẹ́yìn náà ni dókítà tó ń ka fọ́tò inú ara pè wá wọlé.

Ọkùnrin náà ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ará apá Ọ̀yọ́. Bàbá mi yí ohùn padà kíá, ó ń sọ Yorùbá orí rédíò fún un. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ dókítà yí kọ̀ǹpútà sí wa, ẹ̀rín náà ò jáde mọ́.

Mi ò rí inú èèyàn rí. Fọ́tò tí mo gé yẹn, mi ò gbé e sókè wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wà lójú mi báyìí, bàbá mi, ẹni tó máa ń pariwo lé mi lórí láàárọ̀, láìsí ẹran, láìsí aṣọ. Egungun ìhà ẹ̀ tò tẹ̀ léra wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Ọkàn ẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi kúkúńdùkú. Inú ibẹ̀ ni ohùn yẹn ti ń jáde láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo wo bàbá mi, mo wo kọ̀ǹpútà, mo tún wo bàbá mi. Ó fi ọwọ́ bo bọ́tìnnì àyà ẹ̀.

Wọ́n ti fi ìlà pupa yí àmì funfun kan po lókè, lápá ọ̀tún.

"Ta ló fi ìyẹn síbẹ̀?" bàbá mi bi í.

"Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá. Àwọn tuntun yìí máa ń kà á kí n tó dé. Ojú ẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó ní ká ṣọ́ ibí yìí."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ó lè jẹ́ àpá ikọ́ àtijọ́ tó ti jinná. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè fi fọ́tò kan sọ ọ́, kọ̀ǹpútà náà ò sì lè sọ ọ́. Ó mọ òní dáadáa, àná ni kò ní. Ṣé ẹ ti ya àyà yín rí?"

"Mo yà á rí. Ilé iṣẹ́ tó yà á ti kógbá wọlé."

"Ẹ̀yin náà ò wá ní in lọ́wọ́?"

Bàbá mi nà ró lórí àga. "Dókítà, èmi kì í ju nǹkan nù. Ó wà nínú àpótí mi."

Ojú dókítà là. Ó ní tí àmì yẹn bá ti wà nínú ti àtijọ́, tí kò tóbi sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí a ò bá rí fọ́tò náà, á di Ìbàdàn, wọ́n á ti abẹ́rẹ́ gígùn bọ inú àyà láti mú díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò.

Mo ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn láti jẹ́wọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fọ abọ́. Mo tún fọ àwọn tó mọ́.

Lọ́jọ́ kejì bàbá mi wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé àpòòwé náà há abíyá, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Dókítà tan àpótí iná tó wà lára ògiri. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti lò ó gbẹ̀yìn. Nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ọwọ́ wọn á máa rùn fọ́jọ́ méjì, ìyàwó tí òun ń fẹ́ nígbà náà rò pé ilé ìpẹran ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Dókítà fa ohun tó wà nínú àpòòwé jáde, ó gbé e síbi iná. Iná ò là á kọjá. Ó yí i padà, ó ka ohun tó wà lára ẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "bísíkíìtì ni."

Bàbá mi ò wo dókítà. Èmi ló wò.

"Níbo ló wà?"

Mo sọ fún un. Níwájú dókítà ni mo ti sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé kò ní lù mí níbẹ̀. Mo ní mo gé e sí méjì, apá ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, apá òkè wà lọ́dọ̀ obìnrin tó ni àga ní Ìpele, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà.

Dókítà wò mí tìtì. "Apá òkè lo gé lẹ́tà sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Apá òkè ni mo nílò. Tí o bá rí i, mú un wá ní Mọ́ńdè. Ọ̀la Sátidé ni, odò Ọsẹ ló ni Sátidé mi."

Gbogbo ọsibítù ló mọ̀ pé ó máa ń lọ dẹ ìwọ̀ lójú ọ̀nà kọjá Elegbeka, ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń fọ máṣíìnì.

Nígbà tí a délé, bàbá mi pè mí wọ yàrá, ó ṣí àpótí, ó fi hàn mí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, ó fi hàn mí ibi tí ìwé owó ìfẹ̀yìntì wà. "Kí ìyá rẹ má baà máa wá a kiri," ó ní. Ìyẹn dùn mí ju igbátí lọ. Mo ti gba igbátí rí, mo mọ bí ó ṣe ń rí.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, mo ti wà ní Ìpele. Obìnrin tó ń yáni ní àga náà ń to àga sínú ọkọ̀.

"Akọ̀wé," ó ní, "ṣé o wá tún un kọ ni? Lẹ́tà rẹ ń ṣubú lulẹ̀ bí ọ̀mùtí."

"Mọ́mì, ike tí mo fi kọ ọ́ ni mo wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ike mi? Mo ṣì ń lò ó. Mo ra àga tuntun, èmi fúnra mi ni mo kùn ún, tèmi sì dúró ju tìrẹ lọ."

Mo ṣàlàyé. Ó gbé àga tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé e.

"Àyà bàbá rẹ ni mo ti ń kun ọ̀dà sí láti ọdún mẹ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó wọlé lọ. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e jáde, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọ̀dà pupa ti bò ó pátápátá. Ó wá karosíìnì àti àkísà rírọ̀, àwa méjèèjì jókòó, a ń nù ún díẹ̀díẹ̀. Àyà mi ń já, torí lẹ́tà bíi D ní ikùn, ikùn yẹn ò gbọ́dọ̀ já bọ́, ọrùn tín-ín-rín méjì péré la máa ń fi so ó mọ́ ìyókù ike. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọrùn yẹn nípọn. Èmi jẹ́ kó nípọn bí ìka, ọ̀gá mi sì ti fi mí ṣẹ̀sín torí ẹ̀. Ó tún ti kọ́ mi pé ká tó gé fọ́tò, ká kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, kí gbogbo àwòrán inú ẹ̀ ṣí kúrò, kí ike mọ́ gaara. Mi ò rẹ ẹ́. Kì í ṣe pé mo ní ìdí kan. Kànga ló jìnnà.

Bí ọ̀dà ṣe ń kúrò ni egungun ń jáde. Obìnrin náà gbé e sókè sí oòrùn, ó ní, "Olúwa, wo iṣẹ́ Rẹ." Ó fi aṣọ ìnujú ẹ̀ wé e fún mi.

Ó yẹ kí n dúró di Mọ́ńdè. Mo gun ọ̀kadà lọ sí odò.

Dókítà jókòó lórí òkúta, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ìwọ̀ ẹ̀ wà nínú omi, garawa ẹ̀ sì ṣófo. Kò bínú. Ó ní kí n sinmi ná.

"Ẹja ò jẹ lónìí, sà?"

"Kì í jẹ. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ohun tó fara pamọ́ ni wọ́n ń ní kí n rí. Tí mi ò bá rí i, ẹnì kan lè kú. Omi yìí, mi ò lè rí inú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kí n rí i. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an." Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Gbé e wá."

Ó na fọ́tò náà sí ojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ gba inú DÁ MI PADÀ kọjá, ó tàn sí i lójú. Ó tan fóònù ẹ̀, fọ́tò tuntun wà níbẹ̀, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Mo gbọ́ tó ń ka egungun ìhà lábẹ́ ètè: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

"Bàbá rẹ ti ṣubú rí," ó ní.

"Mi ò gbọ́ ọ rí, sà."

"Eegun èjìká òsì yìí ti ṣẹ́, ó sì ti jinná. Ó wà nínú méjèèjì. Ó dáa, mo mọ̀ pé ẹnì kan náà ni." Ó sún fọ́tò díẹ̀. "Wò ó."

Nínú ikùn D àkọ́kọ́, ibi tí ọrùn méjì tó nípọn yẹn gbé dúró, àmì funfun kékeré kan wà. Ká ní mo fi ọ̀bẹ gba apá ibẹ̀ ni, mi ò bá ti gé e jù sẹ́yìn ilé, adìẹ ò bá ti tẹ̀ ẹ́. Ó wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní JSS3, nígbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí mi ò ṣe tíì mọ̀ báyìí.

"Nígbà yẹn kò tó ìbú egungun ìhà kan. Kò tó o báyìí náà. Àpá ni. Mọ́ńdè màá fi rúlà wọ̀n ọ́n, màá kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì wá oògùn ikọ́ tó ń wú yìí. Àmọ́ sọ fún un lónìí. Má jẹ́ kó sun oorun òní pẹ̀lú ẹ̀rù náà."

Mo jókòó sórí iyanrìn. Ọkùnrin yìí wo ike tí mo ti bàjẹ́, lẹ́bàá odò, nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn lásán, ó rí ìṣubú tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ó sì fi bàbá mi lé mi lọ́wọ́ padà. Lẹ́yìn náà ló mú kòkòrò kan nínú agolo, ó fi sẹ́nu ìwọ̀, ó kọjú sí omi.

Bàbá mi wà ní ìta nígbà tí mo délé, ó ń fi ọ̀bẹ ha èèkánná. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó rí eegun tó ṣẹ́ yẹn?"

"Ó rí i. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kẹ̀kẹ́ ni. Mò ń lọ kí ìyá rẹ ní ilé wọn, mo fẹ́ fi hàn pé mo lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gùn ún." Ó fọwọ́ kan èjìká òsì ẹ̀. Omi wà lójú ẹ̀, mo sì wo ibòmíì.

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, tí ẹ bá wò ó dáadáa, ká ní mi ò yà ọ̀lẹ ni, mi ò bá ti rẹ ẹ́, àwòrán ò bá ti ṣí kúrò. Ká ní mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ọrùn D ò ní nípọn. A lè sọ pé èmi ni mo tọ́jú ẹ̀."

Bàbá mi mú ọ̀bẹ ẹ̀ padà.

"Ìwọ lo gé e," ó ní.