Kisaburo Ná Ìka Ẹsẹ̀

Kò sí ará ìsàlẹ̀ òkè wa tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Kisaburo, ẹlẹ́ja, ná ọjà nínú tẹ́ḿpìlì. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Torakichi aránṣọ àti Umeno tó ń ta tíì, ló jọ gun òkè lọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí ewé igi bá pọ́n. Wọ́n dé iwájú aṣọ ìkélé tó bo ère Kannon, òrìṣà ẹlẹ́yinjú àánú, tí wọn kì í ṣí àfi lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn méjì yòókù pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n tẹríba. Kisaburo ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Àlùfáà, ẹ jẹ́ n yọjú wò ó."

"Baba Kisaburo, àkókò ò tí ì tó."

"Ojú rẹ̀ nìkan ń kọ́?"

"Rárá o."

"Ó dáa, orúnkún."

"Baba, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ẹ gbọ́, kò ní jẹ́ tèmi, kò ní jẹ́ tiyín. Ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù. Ti òsì."

Òógùn bo Àlùfáà Ryoen. "Èmi gan-an ò rí i rí, láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí."

Kisaburo yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ọjà tí kò yẹ̀ wò ló ń tà!"

Torakichi rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. Umeno ló wọ́ Kisaburo jáde.

Lọ́dọ̀ wa, iye tí ọlọ́jà bá pè náà ni à ń san, láìsọ̀rọ̀. Kisaburo ò gbà. Ó ń dúnàádúrà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín nígbà tí irin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti já owó nǹkan wálẹ̀ tán, á gbé ẹja tútù lọ sẹ́nu ọ̀nà ọlọ́jà náà, ẹja tó ju owó tó já lọ.

"Èrè wo lo wá jẹ?" Umeno bi í.

"Ṣebí a jọ sọ̀rọ̀?"

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ọ̀rọ̀ Kannon kì í ṣe eré lójú rẹ̀ ṣá. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí i lójú ayé rẹ̀, ó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá náà sunkún ayọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò sì júwe ohun tó rí fún un títí ó fi kú. "Lọ fi ojú ara rẹ rí i," ló máa ń wí. Nígbà kejì, Kisaburo ti di géńdé, ó dúró nídìí òkè, ó ń ná àkàrà ìrẹsì. Ó rí i rà ní ìdajì owó. Kó tó gòkè dé, wọ́n ti fa aṣọ padà. Kò lè jẹ àkàrà náà mọ́. Umeno ló bá a jẹ ẹ́, ó sì ní ó dùn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá gbójú lé. "Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní bá mi nídìí àkàrà." Àfi bí òtútù ṣe dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí yìnyín ń bọ́, tí ìṣísílẹ̀ ku ìwọ̀nba oṣù díẹ̀. Lórí àìsàn, ó ní kí Torakichi sún mọ́ òun.

"Bá mi sọ fún àlùfáà pé orí ìka ẹsẹ̀ yẹn ni mo ṣì wà. Mi ò lè dín in kù mọ́."

Torakichi jẹ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Kisaburo kú kí ọjọ́ ìṣísílẹ̀ tó pé.

Lọ́jọ́ ìṣísílẹ̀, èrò kún tẹ́ḿpìlì. Umeno gbé àwòrán Kisaburo dání. Ó ti ra àkàrà ìrẹsì nídìí òkè, kò ná an, ó kàn sanwó, ó sì yára gòkè. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló yẹ kí aṣọ ìkélé gòkè, ṣùgbọ́n Àlùfáà Ryoen rọra fa okùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Ìka ẹsẹ̀ nìkan la rí, igi àtijọ́, wúrà ara rẹ̀ ti ń bó.

"Baba Kisaburo," ó ní, "èyí tí ẹ ná nìyí."

Torakichi bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa bá a rín in, kó tó di pé a rí i pé ó ń sunkún.

Umeno gbé àwòrán náà sókè kọjá orí gbogbo wa. Àlùfáà wò ó, ó sì fa okùn náà tán.

"Ìyókù yìí, Baba, èènì ni."